Gbogbo Alángbá Ló Dakùn Délẹ̀

     

Kí n tó sọ ohunkóhun, mo ní ìbéèrè kan fún yín. Nínú gbogbo àwọn tí ẹ mọ̀, ta ni ara rẹ̀ le jù? Ṣé ẹni tó ga, tí àyà rẹ̀ fẹ̀ ni? Ṣé ẹni tí kò sanra ni? Àbí ọ̀dọ́ tó lè sáré lórí pápá láti ìbẹ̀rẹ̀ bọ́ọ̀lù dé ìparí? Ẹ mú ẹnì kan sọ́kàn. Ẹ ti mú un? Ó dáa. Báwo lẹ ṣe mọ̀ pé ara rẹ̀ le?

Àwọn àgbà ní gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Ọ̀rọ̀ àyẹ̀wò ara ni mo bá wá lónìí. Kì í ṣe àyẹ̀wò ti ẹni tó ti dùbúlẹ̀ àìsàn. Mo ń sọ nípa ẹni tó ń rìn, tó ń ṣiṣẹ́, tó ń jẹun, tó ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀bẹ̀ kan ṣoṣo ni mo ní, màá sì máa tún un sọ títí a ó fi dágbére: ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ ara yín wò níbi tó ti ń ṣiṣẹ́.

Ẹ jẹ́ ká padà sí ọdún 1989. Ọjọ́ 12, oṣù kẹjọ. Pápá ìṣeré ńlá tó wà ní Sùúrùlérè, l'Ékòó. Nàìjíríà ń bá Àǹgólà gbá bọ́ọ̀lù, nítorí àtilọ sí Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé. Ẹ̀yin tí ẹ ti gbọ́njú nígbà náà, ẹ rántí ọjọ́ yẹn. Samuel Okwaraji wà lórí pápá. Ẹni ọdún 25 ni. Ó mọ bọ́ọ̀lù, ó mọ̀wé, ó kẹ́kọ̀ọ́ òfin. Bọ́ọ̀lù ti ń lọ sópin nígbà tí Okwaraji ṣubú. Kò dìde mọ́. Nígbà tí wọ́n yẹ òkú rẹ̀ wò, wọ́n ní ọkàn rẹ̀ tóbi ju bó ṣe yẹ lọ, ẹ̀jẹ̀ ríru sì wà lára rẹ̀.

Ẹ gbọ́ o. Ẹ̀jẹ̀ ríru, lára ọ̀dọ́ tó ń gbá bọ́ọ̀lù fún orílẹ̀-èdè! Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ló jókòó tí wọ́n ń wò ó lọ́jọ́ náà. Ta ni nínú wọn tó lè sọ pé ọ̀dọ́ yìí ń ṣàìsàn?

Ẹ wá gbọ́ ìkejì. Ní 1996, Nwankwo Kanu ni balógun ikọ̀ wa tó gba wúrà bọ́ọ̀lù ní Òlíḿpíìkì Atlanta. Ìlú dùn. Lọ́dún yẹn náà ni ẹgbẹ́ Inter Milan, ní Ítálì, rà á. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, bí wọ́n ti ń yẹ gbogbo eléré wò níbẹ̀. Ohun tí wọ́n rí dẹ́rù bà wọ́n. Ìlẹ̀kùn kékeré tó ń ṣí, tó ń pa dé níbi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń jáde nínú ọkàn rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ dáadáa. Ẹni ogún ọdún ni! Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba wúrà! Wọ́n gbé e lọ sí Cleveland ní Amẹ́ríkà, wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un. Ní 1997 ó ti padà sórí pápá. Lẹ́yìn náà ló lọ sí Arsenal, tí gbogbo wa ń pariwo orúkọ rẹ̀. Ní ọdún 2000 ó dá àjọ kan sílẹ̀ láti máa ran àwọn ọmọ tó ní àrùn ọkàn lọ́wọ́.

Ọ̀dọ́ méjì. Alágbára ni àwọn méjèèjì lójú wa. Ti ọ̀kan, lẹ́yìn ikú la tó mọ̀. Ti èkejì, àyẹ̀wò tètè rí i. Ohun tó ń dùn mí nínú ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn, tí mo fi gbé e wá síwájú yín.

Kí ló dé tó jẹ́ pé Ítálì ni wọ́n ti rí i? Láti 1982 ni òfin ti wà níbẹ̀ pé ẹni tó bá fẹ́ díje nínú eré ìdárayá gbọ́dọ̀ lọ fún àyẹ̀wò. Wọ́n á bi í ní ìbéèrè. Wọ́n á lẹ wáyà mọ́ ọn láyà láti gbọ́ bí ọkàn ṣe ń lù. Wọ́n á ní kó máa gun àpótí, kó máa sọ̀, kí ọkàn lè ṣiṣẹ́ kí wọ́n sì rí i. Lágbègbè Veneto, àwọn dókítà fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe àkójọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ní 2006 wọ́n gbé e jáde pé ikú òjijì láàárín àwọn ọ̀dọ́ eléré tí wọ́n ń yẹ̀ wò dín kù gidigidi. Bí ẹni mẹ́wàá bá ń kú tẹ́lẹ̀, ó wá ku bí ẹyọ ẹnì kan.

Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dara pọ̀ mọ́ wa, ẹ káàbọ̀. Àyẹ̀wò ara là ń sọ. A ní gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀. A ní kí ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ ara yín wò níbi tó ti ń ṣiṣẹ́.

Mo mọ ohun tí ẹlòmíràn ń sọ báyìí. Ó ní, “Ọ̀gbẹ́ni, èmi kì í gbá bọ́ọ̀lù. Aṣọ ni mò ń rán.” Òmíràn ní, “Mọ́tò ni mò ń wà, kí ló kàn mí?” Ó kàn yín gan-an ni. Ẹ̀yin awakọ̀ ni mo tiẹ̀ fẹ́ sọ̀rọ̀ yín báyìí.

Dókítà kan wà ní Lọ́ńdọ̀nù, Jeremy Morris. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, ó ń wá ìdí tí àrùn ọkàn fi ń pa ènìyàn. Ó lọ wo àwọn òṣìṣẹ́ bọ́ọ̀sì alájà méjì. Awakọ̀ jókòó láti àárọ̀ dalẹ́. Agbowó ọkọ̀, ẹni tí àwa ń pè ní kọ́ńdọ́, ń gòkè, ó ń sọ̀ lórí àtẹ̀gùn ọkọ̀ láti gbowó. Ọkọ̀ kan náà ni wọ́n wà. Ẹnì kan náà ló gbà wọ́n síṣẹ́. Ní 1953 Morris sọ ohun tó rí: àrùn ọkàn ń mú awakọ̀ ju kọ́ńdọ́ lọ. Lójú tèmi, kò sí ìwádìí tó yẹ kí awakọ̀ ilẹ̀ wa gbọ́ ju ìyẹn lọ. Ẹni tó wakọ̀ láti Ọjọ́ta dé Ìlọrin, kí ló gbé nínú ara rẹ̀ ju ẹsẹ̀ méjèèjì lọ?

Ṣùgbọ́n ẹ dúró, ọ̀rọ̀ ò tíì tán. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, Morris àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ wo ìwọ̀n aṣọ iṣẹ́ tí wọ́n rán fún àwọn òṣìṣẹ́ yìí. Ìbàdí ṣòkòtò awakọ̀ fẹ̀ ju ti kọ́ńdọ́ lọ. Àwọn awakọ̀ tó ṣì kéré lọ́jọ́ orí pàápàá, tiwọn fẹ̀. A jẹ́ pé kì í ṣe iṣẹ́ nìkan ló fa ìyàtọ̀ náà. Ó ṣeé ṣe kí àwọn kan ti gbé e wá láti ilé. Morris kò fi ìyẹn pa mọ́, mo sì yìn ín fún un. Ẹ wá rí i pé a ò lè fi iṣẹ́ tí ẹnì kan ń ṣe sọ bí ọkàn rẹ̀ ṣe wà. A ò lè fi ìrísí rẹ̀ sọ ọ́. Ẹni náà gan-an la máa yẹ̀ wò.

Níbo? Báwo? Ẹ jẹ́ ká jọ wọ lábù kan.

Lábù tí mo ń wí yìí kì í ṣe ibi tí wọ́n ti ń gba ìtọ̀ àti ẹ̀jẹ̀ nìkan. Lábù ìdárayá ni. Ẹ ó rí kẹ̀kẹ́ tí wọ́n kàn mọ́lẹ̀, tí ẹ ó máa fẹsẹ̀ yí lójú kan. Ẹ ó rí ẹ̀rọ tó ní bẹ́líìtì gbọọrọ, tó ń yí lábẹ́ ẹsẹ̀ ẹni tó ń rìn lórí rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kó bà yín lẹ́rù. Kí ẹ tó fẹsẹ̀ kan ẹ̀rọ kankan, wọ́n á kọ́kọ́ jókòó tì yín, wọ́n á bi yín ní ìbéèrè. Ṣé àyà máa ń dùn yín bí ẹ bá ń gun àtẹ̀gùn? Ṣé òòyì ti kọ́ yín rí, tí ẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú? Oògùn wo lẹ ń lò? Àgbo ńkọ́? Ẹ má fi àgbo pa mọ́ fún wọn o.

Ìbéèrè kan wà níbẹ̀ tó máa ń ṣòro fún wa. Wọ́n á ní, ǹjẹ́ ẹnì kan kú lójijì nínú ẹbí yín nígbà tí kò tíì dàgbà?

Ẹ jẹ́ ká bá ara wa sọ òótọ́. Kí la máa ń sọ? Ẹnì kan sùn, kò jí. Ẹnì kan ń wẹ̀ lọ́wọ́, ó ṣubú. A ní ọwọ́ ayé ni. A ní wọ́n ti ń dọdẹ rẹ̀ tipẹ́. A sunkún, a sin ín, a ò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ mọ́. Ogún ọdún kọjá. Ọmọ ẹ̀gbọ́n olóògbé dàgbà, ó fẹ́ máa sáré fún ilé ìwé rẹ̀. Wọ́n bi í ní ìbéèrè yẹn. Ó ní rárá, kò sí irú rẹ̀ nílé wa. Irọ́ kọ́ ló pa. Kò sẹ́ni tó sọ fún un ni.

Mi ò wá bá ẹnikẹ́ni du ìgbàgbọ́ rẹ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé àwọn àrùn ọkàn kan wà tó ń bá ìran rìn. Ẹ pe ọmọ yín lálẹ́ òní. Ẹ sọ fún un pé, “Àbúrò bàbá rẹ ṣubú lẹ́ni ọgbọ̀n ọdún.” Ẹ jẹ́ kó mọ̀ ọ́n, kó lè rí nǹkan sọ fún dókítà.

Lẹ́yìn ìbéèrè, wọ́n á wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ yín lórí ìjókòó. Àwọn kan gbà pé ẹ̀jẹ̀ ríru jẹ́ kádàrá àwa ènìyàn dúdú. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn onímọ̀ yẹ àwọn ará Ìgbò-Ọrà àti Ìbàdàn wò, wọ́n yẹ àwọn ará Kamẹrúùnù àti Jàmáíkà wò, wọ́n yẹ ènìyàn dúdú wò nítòsí Chicago ní Amẹ́ríkà. Ọdún 1997 ni àbájáde rẹ̀ jáde. Bí wọ́n ṣe ń ti ilẹ̀ wa lọ sí Karibéánì, dé Amẹ́ríkà, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ ríru ń pọ̀ sí i. Ìran kan náà ni gbogbo wọn ti ṣẹ̀. Oúnjẹ, ìsanra, bí a ṣe ń gbé ayé, ọwọ́ wọn wà níbẹ̀. Ìgbé ayé ìlú ńlá náà sì ti ń wọlé tọ̀ wá wá báyìí. Ṣé ẹ ń gbọ́ mi, ẹ̀yin ará ìlú ńlá?

Ó ti wá kan ẹ̀rọ. Wọ́n á lẹ wáyà mọ́ àyà yín. Ẹ̀yin obìnrin, ẹ lè ní kí obìnrin ẹgbẹ́ yín lẹ̀ ẹ́ fún yín, kò sóhun tó burú níbẹ̀. Ẹ ó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Bí ìṣẹ́jú mẹ́ta bá ti pé, ẹ̀rọ á yára sí i, á sì gbé orí sókè díẹ̀, bí ẹni ń gun òkè. Ìṣẹ́jú mẹ́ta mìíràn, ó tún yára, ó tún gbé orí sókè. Dókítà Robert Bruce, ní ìlú Seattle, ló ṣètò rẹ̀ báyìí ní nǹkan bí ọgọ́ta ọdún sẹ́yìn, ọ̀pọ̀ lábù sì ń lò ó títí dòní.

Kí nìdí tí wọ́n fi ń yọ èèyàn lẹ́nu bẹ́ẹ̀? Ẹ wo mẹkáníìkì tó mọṣẹ́. Bí ẹ bá gbé mọ́tò lọ bá a, kò ní kàn ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, kó tẹ́tí sí ẹ́ńjìnnì tó ń dún lójú kan, kó ní ó ti tán. Yóò gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ yín, yóò wà á gun òkè Mọ́kọ́lá n'Ìbàdàn. Orí òkè ni ẹ́ńjìnnì ti ń jẹ́wọ́. Òpó ẹ̀jẹ̀ ọkàn tó ti dí díẹ̀ lè má sọ nǹkan kan nígbà tí ẹ jókòó. Ìgbà tí ọkàn bá ń béèrè ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ ni yóò hàn lójú ìwé. Ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ ara yín wò níbi tó ti ń ṣiṣẹ́.

Láàárín ìrìn yẹn, wọ́n á máa bi yín, “Báwo ló ṣe ń rí lára yín?” Wọ́n á na ìwé kan sí yín. Nọ́ńbà tó wà níbẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti 6, ó parí sí 20. Gunnar Borg, ará Sweden, ló ṣe é. 6 ni ti ẹni tó jókòó jẹ́ẹ́. 20 ni ti ẹni tí kò lè gbé ẹsẹ̀ mọ́. Ẹ̀yin ọkùnrin, mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe akin níbẹ̀. Bí àyà bá ń fún yín, ẹ wí. Bí ojú bá ń ṣú yín, ẹ wí. Wọ́n á dá ẹ̀rọ dúró lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Nígbà mìíràn wọ́n á fi nǹkan bo imú àti ẹnu yín, tí ọ̀pá rẹ̀ so mọ́ ẹ̀rọ. Èémí yín ni wọ́n ń wọ̀n, kí wọ́n lè mọ bí afẹ́fẹ́ ọ́síjìn tí ara yín lè lò ṣe pọ̀ tó. Ẹni tí ara rẹ̀ lè lo púpọ̀ ni iṣẹ́ kì í tètè rẹ̀.

Ẹ ti sọ̀ kalẹ̀. Ẹ ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ẹ rò pé ó ti parí? Ibi tí mo fẹ́ràn jù nínú àyẹ̀wò yìí la ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Wọ́n á máa wo ọkàn yín lọ. Ní ìṣẹ́jú kan péré lẹ́yìn eré, báwo ló ṣe yára balẹ̀ tó? Ọkàn tó dára máa ń tètè balẹ̀. Èyí tó ń lù kìkìkì síbẹ̀, tí kò fẹ́ wálẹ̀, ń sọ nǹkan. Ní Cleveland, ìlú tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún Kanu, àwọn dókítà tẹ̀ lé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn lẹ́yìn irú àyẹ̀wò yìí fún ọdún mélòó kan. Ní 1999 wọ́n sọ pé àwọn tí ọkàn wọn kì í tètè balẹ̀ kú ju àwọn yòókù lọ. Ìṣẹ́jú kan péré, ẹ̀yin ará mi!

Wọ́n tún lè fún yín ní irin kan pé kí ẹ fọwọ́ fún un pọ̀. Agbára ọwọ́ ni wọ́n ń wọ̀n. Ó dà bí eré, àbí? Ní 2015, ìwádìí kan láti orílẹ̀-èdè 17 fi hàn pé agbára ọwọ́ lè sọ nípa ẹni tó wà nínú ewu ikú ju ìfúnpá lọ. Àmọ́ kí ẹnikẹ́ni má lọ ra rọ́bà tí yóò máa fún lọ́wọ́ kiri o. Ọwọ́ kàn ń ròyìn ara tó kù ni.

Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ tan rédíò, a ò tíì lọ. Àyẹ̀wò ara níbi tó ti ń ṣiṣẹ́ là ń sọ.

Mo fẹ́ tẹ ibì kan mọ́ yín létí. Bí wọ́n bá gbé èsì fún yín, ẹ má mú un lọ bá aládùúgbò pé tèmi ju tìrẹ lọ. Ara yín ti ọdún tó kọjá ni kí ẹ fi wé. Ọ̀jọ̀gbọ́n David Bruce Dill wà lára àwọn tó ṣiṣẹ́ ní lábù kan ní Yunifásítì Harvard, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1927 láti máa wádìí àárẹ̀ ara. Wọ́n ti lábù náà pa ní 1947. Dill kò dúró ní tirẹ̀. Ó ń fúnra rẹ̀ wọn ara rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún títí ó fi di arúgbó. Ó lé ní ẹni àádọ́rùn-ún ọdún kó tó kú. Bí ara rẹ̀ ṣe ń yí padà wà lákọsílẹ̀ níwájú rẹ̀. Ta ló ní irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ nínú wa? A mọ iye tí a ra ilẹ̀ ní ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn. A ò mọ ìfúnpá wa ti ọdún tó kọjá.

Ẹ̀yin tí ẹ wà nítòsí Yunifásítì Ìbàdàn tàbí ti Ilé-Ifẹ̀, ẹ̀ka ẹ̀kọ́ tó ń kọ́ni nípa ara àti ìdárayá wà níbẹ̀. Ẹ lọ béèrè ohun tí wọ́n lè ṣe fún yín. Àwọn ilé ìwòsàn ńlá kan tún ń lo ẹ̀rọ tí mo wí yẹn fún àwọn tí dókítà bá kọ ìwé fún. Bí lábù bá jìnnà sí yín, nọ́ọ̀sì tó mọṣẹ́ lè fi àga lásán yẹ yín wò. Ẹ jókòó, ẹ ká apá yín sí àyà, ẹ máa dìde, ẹ máa jókòó, kí ó ka iye ìgbà tí ẹ lè dìde ní ìdajì ìṣẹ́jú. Ó dára púpọ̀ fún àwọn àgbàlagbà wa, nítorí ó ń sọ bí agbára ẹsẹ̀ ṣe kù sí. Ṣùgbọ́n ẹni tí àyà ń dùn, tàbí tí òòyì ń kọ́, dókítà ni kó kọ́kọ́ rí. Kó má dán ohunkóhun wò nílé.

Ẹ̀yin olórí ẹgbẹ́ tó ń kó ènìyàn jáde láràárọ̀ Sátidé láti sáré yíká àdúgbò, ẹ kú iṣẹ́ o. Ohun rere lẹ ń ṣe. Ọ̀rọ̀ yín ló kàn. Ẹ ń dáwó aṣọ ẹgbẹ́, ẹ ń dáwó omi, ẹ ń dáwó ayẹyẹ òpin ọdún. Ẹ dáwó ra ẹ̀rọ ìwọ̀n ìfúnpá kan. Kò wọ́n ju aṣọ ẹgbẹ́ lọ. Ẹ wọn gbogbo ènìyàn kí ẹ tó gbéra. Ẹni tí tirẹ̀ bá lọ sókè, kó jókòó ti ẹrù lọ́jọ́ náà, kó sì lọ rí dókítà lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ ń to ọmọ jọ fún ìdíje, ẹ bi wọ́n léèrè ẹni tí òòyì ti kọ́ lórí pápá rí. Bí ọmọ kan bá nawọ́, ẹ má ní ọ̀lẹ ni.

Lọ́jọ́ tí ẹ bá ń lọ sí lábù, ẹ má jẹ iyán kẹ́ ẹ tó lọ. Oúnjẹ fífúyẹ́ ni, kó sì ti tó bíi wákàtí méjì sí mẹ́ta. Ẹ má jẹ obì, ẹ má mu kọfí, ẹ má mu sìgá. Bàtà tí ẹ lè fi sáré ni kí ẹ wọ̀. Bí ẹ bá ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹ má dá a dúró fúnra yín, ẹ bi dókítà. Ẹ gba èsì náà sórí ìwé, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ọjọ́ sí i, kí ẹ sì fi í pa mọ́ síbi tí ìwé ilẹ̀ yín wà. Lọ́dún tó ń bọ̀, òun ni ẹ ó fi wé tuntun.